Ibi Tí Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Lè Le Dé

Ọ̀sán gangan ni Làsísì sùn lórí búlọ́ọ̀kù tútù. Kì í ṣe pé ó jókòó, kì í ṣe pé ó fẹ̀yìn tì. Ó nà gbalaja lórí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ẹ̀rọ, ó sọ gbogbo rẹ̀ di iyanrìn padà, ó sì ń hanrun. Làsísì yìí ni olórí àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní ọgbà Ọ̀gá Fúnṣọ́, lójú ọ̀nà Ìkòtún sí Ìgàndò. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ̀ pé ọtí kì í pa á. Á mu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ láàárọ̀ bí ẹlòmíràn ṣe ń mu ògì gbígbóná, á gbé àpò sìmẹ́ńtì lé èjìká, á sì máa kọrin lọ.

Ọ̀gá Fúnṣọ́ sáré jáde láti inú ọ́fíìsì onípákó rẹ̀.

"Ìyá Bọ́lá! Kí lẹ fún Làsísì mu?"

"Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni, sà."

"Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wo ló ń gbé ọkùnrin ṣubú báyìí?"

"Ife kan péré ló mu, sà. Kò tíì mu ún tán pàápàá."

Èmi ni Ìyá Bọ́lá. Nínú gbogbo àwọn tó dúró yí Làsísì ká lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí ẹnu yà tó èmi tí mo se ọtí ọ̀hún.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí wọ́n tó ní kí n wá máa bá ẹ̀gbọ́n mi gbọ́mọ l'Ékòó, nítorí náà kí ẹni tó bá ń ka èyí má wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ṣùgbọ́n orúkọ èèyàn kì í bọ́ lórí mi. Mo ṣì rántí gbogbo àwọn tó ń mutí lọ́wọ́ mi ní ọgbà yẹn: Làsísì, Bàbá Sẹ́míyù tó dàgbà jù láàárín wọn, Gọ́dúwìn tó máa ń fi ẹ̀pà sínú ife kó tó mu ún, Mudà tó máa ń dá tirẹ̀ padà bí ọtí bá ti dùn jù. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ì bá kún ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ ni Dọ́kásì, ìyá Kẹ́mi. Wọ́n ti sin ín. Àwa méjì là ń jọ sọ ìtàn yìí, bí mo bá gbàgbé ibì kan, á gbà á lẹ́nu mi. Ní báyìí, bí n kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbà á mọ́.

Èmi àti Dọ́kásì kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ìyá kan náà ní Ìdímù, Ìyá Adétutù. Ọmọ ọdún kan náà ni wá, àfi pé ẹnu rẹ̀ yá ju tèmi lọ. Ìyá Adétutù kọ́ wa bí a ṣe ń rẹ àgbàdo sómi, bí a ṣe ń tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ó sì fi ewé bò ó títí yóò fi hù. Bí ó bá ti yọ ẹnu funfun bí eyín ọmọ tuntun, a ó sá a sóòrùn kó gbẹ. Èèhù àgbàdo nìyẹn. Adùn tó máa di ọtí, inú èèhù ló wà. A ó lọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó sẹ́ ẹ, a ó tún sè é títí yóò fi pọ́n. Bí ó bá ti tutù, a ó da ìdí ọtí ti tẹ́lẹ̀ sí i, ìyẹn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó sìlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Òun ló ń jí ọtí tuntun dìde. Nígbà náà ni ìkòkò á bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀.

"Bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ fi í sílẹ̀," Ìyá Adétutù máa ń sọ bẹ́ẹ̀. "Bó bá ti dákẹ́, ẹ gbé e lọ tà. Ọtí kì í ṣe ọbẹ̀ tí ẹ óò máa tọ́ lá kiri."

Nígbà tí ìyá náà padà sílé ní Ìjẹ̀ṣà, àwa méjèèjì bá ara wa ní ọgbà Ọ̀gá Fúnṣọ́. Àsìkò náà ni ológun ṣì ń ṣèjọba, tí gbogbo Alimọṣọ ń kọ́lé bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, tí ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù kì í sinmi. Dọ́kásì jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, èmi jókòó lẹ́nu géètì. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ló dá ìjà sílẹ̀.

"Ìyá Bọ́lá, ọtí yín dùn o, ṣùgbọ́n ti Ìyá Kẹ́mi ló mọ ọ̀nà orí."

Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lónìí, màá fi èèhù kún ti ọ̀la. Bí wọ́n bá lọ sọ fún Dọ́kásì pé tèmi ti le jù, á se tirẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kó di oyin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í da omi ìrèké sí tèmi. Ó gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ tirẹ̀ bí ẹni ń bọ́ ọmọ: á da díẹ̀ nínú omi dídùn sínú ìkòkò, á jẹ́ kó hó, á tún da díẹ̀ sí i. Tirẹ̀ yẹn gbayì gan-an. Mo jí i kọ́ kíá.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń yà wá lẹ́nu. Ó ní ibi tí ọtí máa ń dé tí á dúró. Bí o bá tún kó adùn sí i, á kàn máa dùn ni, kò ní le sí i. Ìkòkò á ti dákẹ́, adùn á sì ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Kí ló dá a dúró? Mo ronú sí i títí. Èrò mi ni pé ìdí ọtí tó ń hó yẹn, ọtí tó fúnra rẹ̀ ṣe ló ń pa á, bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn ilé mọ́ra tó wá dá èéfín sínú rẹ̀. Àwọn olọ́tí kan lápá Ìjẹ̀gun kò tilẹ̀ da ara wọn láàmú, ògógóró ni wọ́n ń dà sí tiwọn. Èmi àti Dọ́kásì kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohunkóhun nígbà yẹn, ṣùgbọ́n a fohùn ṣọ̀kan lórí ìyẹn: ẹni tó bá da ògógóró sí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò se ọtí, ó kàn po ọtí ni.

Ibi tí a dé nìyẹn tí Ọ̀gá Fúnṣọ́ fi ra ẹ̀rọ kejì. Ó pe àwa méjèèjì.

"Ẹ̀yin ìyá, àyè kò gbà mí mọ́. Màá fi páànù kan àtíbàbà kan síbẹ̀, ẹnìkan ni yóò máa tà lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kejì á wá ibòmíràn lọ."

"Ta lẹ máa mú, sà?" Dọ́kásì ló bi í.

"Kí àwọn tó ń mu ún mú ẹni tí wọ́n bá fẹ́."

Làsísì kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. "Ẹni tí ọtí rẹ̀ bá le jù ni, Ọ̀gá! Ọjọ́ Sátidé òpin oṣù!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àtíbàbà yẹn jẹ́ sí mi. Káfíńtà ni bàbá Bọ́lá. Ó já bọ́ látorí òrùlé ilé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì gbé e dìde mọ́. Ẹ̀yìn ọgbà Ọ̀gá Fúnṣọ́ gan-an ni yàrá wa wà. Mo lè ta ọtí, kí n yọ́ wọlé, kí n yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí n fún un lómi, kí n sì padà sẹ́nu ọjà. Bí mo bá kúrò níbẹ̀, a ó dẹrù padà sí abúlé ni, kò sì sí oníṣègùn tí yóò máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ lábúlé. Dọ́kásì náà kò dára jù mí lọ. Opó ni, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Láàárín oṣù yẹn ni wọ́n ní kí n se ọtí ìkómọ kan ní àdúgbò Pleasure. Mo sè é tán ni wọ́n ránṣẹ́ pé ara ìyá ọmọ kò yá, wọ́n ti sún ìkómọ síwájú. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí oòrùn bá pa á fún ìgbà díẹ̀, ó ti kan nìyẹn. Mo bá gbé kẹ́ẹ̀gì méjì lọ bá Ìyá Sàìdì, ẹlẹ́ja tútù ní ọjà Ìkòtún, pé kí wọ́n bá mi tì í sínú firísà wọn.

"Àárín ẹja kòtè àti ṣáwá?" wọ́n bi mí.

"Níbikíbi tó bá gbà á, Ìyá."

"Bó bá rùn, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ mi o."

Nígbà tí mo padà lọ gbé ọ̀kan níbẹ̀, ó ti le bí òkúta. Àwọn ọkùnrin ń dúró dè mí ní ọgbà, n kò sì ní òmíràn tí mo lè tà. Mo dorí kẹ́ẹ̀gì kodò sínú jọ́ọ̀gì, mo ń gbọ̀n ọ́n. Ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde díẹ̀díẹ̀, ó dúdú, ó ki, bí oyin ìgàn. N kò ráyè dúró kí yìnyín tó kù yọ́. Èyí tó ṣàn yẹn ni mo gbé lọ, òun náà ni Làsísì mu.

Lẹ́yìn tí wọ́n gbé Làsísì lọ sábẹ́ máńgòrò, mo sáré padà lọ sọ́dọ̀ Ìyá Sàìdì. Mo fọ́ yìnyín inú kẹ́ẹ̀gì, mo sọ ọ́ sẹ́nu. Omi ni! Ó ń ta sánsán bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ọtí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dúró síbẹ̀, yìnyín lẹ́nu, tí Ìyá Sàìdì ń wò mí bí wèrè. Gbogbo bí èmi àti Dọ́kásì ṣe ń fi nǹkan kún ọtí, ohun tí ó yẹ ká máa ṣe ni kí á máa yọ nǹkan kúrò. Omi ló ń dì. Agbára ọtí kì í dì.

Kí n tó padà dé ọgbà, Dọ́kásì ti dúró sẹ́nu géètì, ó ti fún gèlè mọ́ ìdí.

"Ògógóró lo dà sí i!"

"N kò da nǹkan kan sí i."

"Irọ́ ni! Ṣé lójú ọmọ Ìyá Adétutù lo ti fẹ́ purọ́ ọtí? Ojú ò tì ọ́? Òórùn kòtè tilẹ̀ ń ti inú rẹ̀ jáde!"

"Kòtè ni, kì í ṣe ògógóró. Firísà ló ti jáde."

"Ẹ gbọ́ o! Firísà ló ń mutí yó báyìí!"

Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Fúnṣọ́ dá sí i, ó ní kí Dọ́kásì tẹ̀ lé mi, kí ó fojú ara rẹ̀ rí bí mo ṣe ń ṣe é. Bí ó bá rí ògógóró, mo ti jáde nìyẹn. Bí kò bá rí i, kí àwa méjèèjì gbé tiwa wá ní Sátidé, kí wọ́n fi iná dán an wò, bí àwọn ológógóró ṣe ń dán tiwọn wò.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo rọ ìkòkò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó tán sínú kẹ́ẹ̀gì níṣojú rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi aṣọ di ẹnu kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀, a sì jọ gbé e lọ sí Ìkòtún. Nígbà tí a padà lọ wò ó lọ́sàn-án Ẹtì, ó ti ń dì dáadáa. Mo ní kó máa dì lọ. Bí mo ṣe ń dé e padà ni wọ́n mú iná lọ.

A dúró. Iná kò dé. Ooru ọjọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Ìyá Sàìdì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo nítorí ẹja wọn, ṣùgbọ́n ojú kẹ́ẹ̀gì tèmi ni mò ń wò. Omi ti ń kán lára rẹ̀. Bí yìnyín yẹn bá yọ́ padà sínú ọtí, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lásán ni màá gbé lọ ní Sátidé. Mo jókòó sórí páálí ẹja, mo ti ń rí bí a ó ṣe gbé bàbá Bọ́lá sínú mọ́tò.

Dọ́kásì dúró lórí mi. "Ìyá Bọ́lá, kí lò ń wò? Yìnyín ti ń yọ́ padà sínú rẹ̀!"

"Iná kò sí. Kí ni mo fẹ́ ṣe?"

"Dà á! Yọ èyí tó ti ṣàn kúrò lára rẹ̀ kíá, kó tó tún pò mọ́ omi!"

Mo gbójú sókè wò ó. "Dọ́kásì, bí èyí bá bàjẹ́, ìwọ lo ni àtíbàbà o."

"Mo mọ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó lè le dé ná, ká tó jà. Dìde, jàre!"

A dà á sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré. Nígbà náà ni Ìyá Sàìdì ń fọ́ yìnyín bàǹbà sórí ẹja wọn, wọ́n sì ń bu iyọ̀ sí i. Bí àwọn ẹlẹ́ja ṣe ń ṣe nìyẹn bí iná kò bá sí: iyọ̀ a máa mú kí yìnyín tutù ju bó ṣe wà lọ, títí yóò fi máa ta èèyàn lọ́wọ́ bí iná. Dọ́kásì ki ìka bọ inú rẹ̀, ó fà á yọ kíá.

"Yéè! Ìyá, kí ni ẹ pe èyí?"

"Iyọ̀ àti yìnyín ni. Ṣé ẹ ò rí i rí ni?"

Dọ́kásì ti sáré lọ ra iyọ̀. A fi yìnyín oníyọ̀ sin kẹ́ẹ̀gì kékeré náà dé ọrùn nínú agbada ńlá, a fi àpò bò ó. Nígbà tí a ṣí i wò, omi inú ọtí náà ti tún dì lẹ́ẹ̀kejì, a sì tún da èyí tó ṣàn sọ́tọ̀! Dọ́kásì pàtẹ́wọ́, ó fò mọ́ mi bí ọmọdé. Ẹ wá wo àwa tí a fẹ́ já ara wa nírun lọ́sàn-án Ọjọ́rú.

Nígbà tí Sátidé pé, gbogbo ọgbà dá iṣẹ́ dúró. Dọ́kásì kọ́kọ́ sọ lójú gbogbo wọn pé òun kò rí ògógóró, pé kòtè nìkan lòun rí. Ọ̀gá Fúnṣọ́ bu ọtí Dọ́kásì sínú ṣíbí, ó yá a díẹ̀ níná, ó ṣá ìṣáná sí i. Ìṣáná kú, ó ní ṣìì. Ó bu tèmi. Iná gbà á fìrì! Iná aláwọ̀ aró, ó rọra ń jó lórí ṣíbí bí iná sítóòfù. Ariwo sọ.

"Ọtí tó ń jó bí kẹrosíìnì!" Làsísì ń fò. "Ẹ bu tèmi kí ó tó jó tán!"

Bàbá Sẹ́míyù mi orí. "Èyí kì í ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ́ o. Bí ẹ bá yọ omi kúrò nínú ọbẹ̀, ṣé ọbẹ̀ lẹ óò pè é, àbí ata díndín?"

"Bàbá, ata díndín náà, ọbẹ̀ ni!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Mudà gbè sẹ́yìn Bàbá Sẹ́míyù, Gọ́dúwìn gbè sẹ́yìn Làsísì. Títí di òní olónìí, n kò mọ ẹni tó jàre nínú wọn. Ọ̀gá Fúnṣọ́ gbọ́wọ́ sókè.

"Ti Ìyá Bọ́lá ló le jù. Kò sí àríyànjiyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fún Ìyá Kẹ́mi ní àtíbàbà."

Làsísì bọ́ síwájú.

"Ọ̀gá, ìrẹ́jẹ nìyẹn!" Làsísì ló sọ ọ́.

"Làsísì, ìwọ ló yẹ kó o dákẹ́ jù. Àmì ara rẹ ṣì wà lórí iyanrìn tí o sọ búlọ́ọ̀kù mi dà. Búlọ́ọ̀kù ni mò ń tà, mi ò ta oorun. Bí mo bá jẹ́ kí èyí wọ ọgbà mi, ta ni yóò máa bá mi ṣiṣẹ́?"

Òótọ́ ló sọ, òun gan-an ló dùn mí. Mo gbé jọ́ọ̀gì mi. Mo ti kọjú sí ẹ̀yìn ọgbà láti lọ sọ fún ọkọ mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn Dọ́kásì.

"Ọ̀gá, ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kò lè se ọtí tó máa tó gbogbo àwọn ọkùnrin yìí. Mo nílò ẹni tí a ó jọ máa sè é. Ẹni tí a bá sì jọ ń sè é, á jókòó tì mí ni."

"Ìyẹn ti di méjì padà, Ìyá Kẹ́mi!"

"Àtíbàbà kan lẹ ní ẹ fẹ́ rí, sà. Ọ̀kan náà kọ́ lẹ̀ ń wò yìí?"

Ọ̀gá Fúnṣọ́ fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó padà sínú ọ́fíìsì rẹ̀. Dọ́kásì wá gba jọ́ọ̀gì lọ́wọ́ mi.

"Ojú wo lo fi ń wò mí?" ó ní. "Ta ni yóò gbé mi wọlé lọ́dọ̀ Ìyá Sàìdì, bí o bá lọ?"

Bí a ṣe di alájọṣe nìyẹn. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ jẹ́jẹ́ ni à ń tà lábẹ́ àtíbàbà. Líle yẹn, ìgò kékeré ni à ń rọ ọ́ sí fún òkú àgbà àti ìwúyè, àwọn èèyàn sì ń pè é ní ọtí kòtè bí a tilẹ̀ ti ra firísà tiwa. Àwọn olọ́tí míràn gbọ́, wọ́n ń dán an wò. Ẹnìkan ní Ìdímù rọ tirẹ̀ kún inú ìgò dẹ́nu, ó ti ọmọrí pa, ó kó o sínú firísà. Gbogbo rẹ̀ ló bẹ́ sórí ẹran ọdún onílé rẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ mi san díẹ̀díẹ̀, ó dìde, ó fi ọ̀pá rìn, òun ló kan àga tí a jókòó lé títí a fi fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun kan ni a kò rídìí rẹ̀. A máa ń dì í lẹ́ẹ̀kan, a máa ń dì í lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá ní kí a dì í lẹ́ẹ̀kẹta, kò ní dì. Firísà kò ká a, iyọ̀ àti yìnyín kò ká a. Dọ́kásì kò gbà pé ibẹ̀ ló parí sí. Ó dá a lójú pé òtútù ibi tí a wà ni kò tó. Kódà nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, tí kò lè jáde mọ́, á ṣàdédé dákẹ́ nínú ọ̀rọ̀ míràn, á ní, "Ìyá Bọ́lá, bí òtútù bá jù bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́?"

Ní ọjọ́ tí a sin ín, Kẹ́mi jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Òkè òkun ló ti wálé, ó sì ń ṣàlàyé fún àwọn èèyàn bí ibẹ̀ ṣe rí. Ó ní bí ọyẹ́ tiwọn bá dé, ìta gbangba máa ń tutù ju inú firísà lọ, pé odò gan-an máa ń dì, tí mọ́tò á máa gba orí rẹ̀ kọjá.

"Ìta gbangba?" mo bi í. "Láìsí iná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Bí ẹ bá gbé nǹkan síta, á ti di òkúta kí ilẹ̀ tó mọ́."

Inú mi dùn débi pé mo lu ọwọ́ mọ́ itan. Mo ti yíjú sí ọwọ́ òsì, níbi tí Dọ́kásì máa ń jókòó sí, ẹnu mi ti là láti sọ ọ́ fún un.